Láti orí bébà sórí aṣọ: fífi abẹ́rẹ́ àti òwú ya àwòrán

Oníbébà
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin alábẹ́rẹ́. Pẹ́ńsù àti bébà ni mo mọ̀ lò, ìránṣọ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi kún un. Mo fẹ́ gbé àwòrán ẹyẹ kan tó bà lé ẹ̀ka igi sórí aṣọ òwú funfun, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 12. Férémù roboto wà nílẹ̀, òwú aláwọ̀ oríṣiríṣi tó ní fọ́nrán mẹ́fà wà, abẹ́rẹ́ náà wà. Kí ni kí n fi da àwòrán náà kọ sórí aṣọ tí àpá rẹ̀ kò ní ṣẹ́ kù? Fọ́nrán mélòó ni kí n lò? Kí ló sì dé tí aṣọ fi máa ń hunjọ yí iṣẹ́ ká téèyàn bá ti tú u kúrò nínú férémù? Bí máṣíìnì bá lè ṣe é, ẹ má fi pamọ́ fún mi.

Màmá Bọ́bìn
Káàbọ̀, Oníbébà. Kí o tó fọwọ́ kan aṣọ, tún àwòrán yẹn yà ná.

Pẹ́ńsù lè lọ láti dúdú dé eérú dé funfun láìsí pé ìlà kankan hàn. Òwú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà ni òwú, ìlà náà sì sanra. Fọ́nrán méjì tí a fi ṣe back stitch (ìrán tí abẹ́rẹ́ ń padà sẹ́yìn kó tó lọ síwájú) máa ń fẹ̀ tó bíi mìlímítà kan lójú aṣọ. Bí ìlà méjì nínú àwòrán rẹ kò bá jìnnà síra tó mìlímítà 2, wọn yóò lẹ̀ mọ́ra di ìlà kan ṣoṣo tó rí wúruwùru. Ìyẹ́ ẹyẹ ló máa ń bá ọ̀pọ̀ ayàwòrán jẹ́ níbí: wọ́n á ya gbogbo ìyẹ́ ìyẹ́, nígbà tí wọ́n bá rán an tán, kò ní sí ìyẹ́ kankan tí ojú lè rí.

Ìdánwò rẹ̀ rọrùn. Mú máká tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà kan, kí o fi ya ẹyẹ náà ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ lórí aṣọ gan-an. Má lo pẹ́ńsù. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí o sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Ohun tí ojú rẹ kò bá dá mọ̀ mọ́ láti ibẹ̀, yọ ọ́ kúrò. Ohun tó kéré ju mìlímítà 3 lọ, bíi ojú ẹyẹ, sọ ọ́ di ẹyọ French knot kan, ìyẹn kókó kékeré lójú aṣọ: fọ́nrán méjì, kí òwú yí abẹ́rẹ́ po lẹ́ẹ̀mejì, kí abẹ́rẹ́ padà wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti jáde. Bó bá gba ihò kan náà padà, kókó náà á já wọ ẹ̀yìn aṣọ.

Lẹ́yìn náà, fa ọfà kéékèèké sí gbogbo ibi tí o fẹ́ fi òwú kún, kó fi hàn ibi tí ìrán máa dorí kọ. Òwú ìdárà ń dán, ìmọ́lẹ̀ sì ń bọ́ sára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe dùbúlẹ̀. Àwọ̀ kan náà, bí o bá rán apá kan lóòró, tí o rán apá kejì ní ìbú, ojú yóò rí i bí àwọ̀ méjì. Ibẹ̀ ni òjìji tí o fẹ́ràn nínú pẹ́ńsù wà fún alábẹ́rẹ́.

Aláṣọfunfun
Mo fara mọ́ ti Màmá Bọ́bìn. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni tèmi.

Fọ aṣọ náà kí o tó ṣe ohunkóhun, sá a kó gbẹ, lọ̀ ọ́. Aṣọ òwú tí kò tíì kan omi rí lè súnkì ní ìdá 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún, òwú ìdárà kò sì ní bá a súnkì. Bí o bá rán an tán kí o tó fọ̀ ọ́, aṣọ á fà wọlé, òwú á dúró, ọ̀gangan iṣẹ́ á wú sókè. Ọ̀kan nínú àwọn ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ lórí ìhunjọ nìyẹn.

Gé aṣọ náà kó fi sẹ̀ǹtímítà 5 ju férémù lọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Wo ojú ìhun rẹ̀: fà á lóòró, fà á ní ìbú, kò ní nà púpọ̀, fà á ní ìdábùú, láti igun sí igun, yóò nà. Kí òòró ẹyẹ rẹ bá òòró ìhun aṣọ mu. Bí o bá gbé àwòrán dúró lórí ìdábùú, ohun tó jẹ́ roboto nínú férémù á di gbọọrọ bí o bá ti tú u.

Ní ti dída àwòrán kọ, aṣọ funfun kò ní wàhálà. Lẹ àwòrán máká yẹn mọ́ gíláàsì fèrèsé ní ọ̀sán, lẹ aṣọ lé e lórí pẹ̀lú téèpù ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìmọ́lẹ̀ á jẹ́ kó hàn. Kálámù aláwọ̀ búlúù tí omi ń pa rẹ́ ni kí o fi tẹ̀ lé e. Òfin méjì ló ní. Àkọ́kọ́, áyọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ kan án kí o tó fọ̀ ọ́ kúrò, nítorí ooru lè mú kó di àpá tí kò ní lọ mọ́. Èkejì, omi tútù lásán ni kí o kọ́kọ́ fi ṣàn án, kí ó pọ̀; ọṣẹ lè sọ búlúù yẹn di àwọ̀ ilẹ̀. Bí o bá kàn fi omi díẹ̀ tọ́ ọ, á pòórá, á sì tún yọ padà bí aṣọ bá gbẹ, torí pé inú aṣọ ló sá wọ̀, kò tíì jáde.

Má fi pẹ́ńsù rírọ̀ ṣe é, mo mọ̀ pé ó wù ọ́. 2B máa ń yí mọ́ òwú, òwú fífẹ́rẹ́ á sì di eléèérí bí abẹ́rẹ́ ṣe ń fà á kọjá. Bó bá di dandan, 2H, pẹ́ńsù líle, tí ẹnu rẹ̀ mú, kí o fọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ fà á, kí òwú sì bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá.

PẹńsùMéjì
Ẹ ti gbàgbé kálámù tí ooru ń pa rẹ́. Ìlà rẹ̀ tín-ín-rín ju búlúù olómi lọ, èèyàn kò sì ní láti rẹ iṣẹ́ sínú omi. Bí áyọ́ọ̀nù bá ti kan án, ó ti lọ. Fún ayàwòrán tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìlà tín-ín-rín, òun ni mo máa mú.

Aláṣọfunfun
@PẹńsùMéjì Mi ò gbàgbé rẹ̀, mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni. Àwọ̀ rẹ̀ kò kúrò nínú aṣọ, ó kàn fara pamọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 60 Sẹ́síọ́ọ̀sì. Bí òtútù bá mú aṣọ náà gan-an, tó lọ sísàlẹ̀ òdo dáadáa, ìlà lè tún yọ. Ẹni tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú tàbí tó ń gbé níbi tí yìnyín ti ń bọ́ lè rí i. Lórí aṣọ aláwọ̀ dúdú, ó tún máa ń fi àpá fífẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ibi tí òwú máa bò mọ́lẹ̀, kò burú. Àwọn ìlà ìtọ́sọ́nà tó máa wà ní gbangba, rárá.

PẹńsùMéjì
Ó dáa, mo gbà lórí ti òtútù. Ẹ jẹ́ kí n fi ti aṣọ dúdú kún un, torí fèrèsé kò lè ràn án lọ́wọ́. Ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn ayàwòrán ògiri ní Ítálì ń lò ní ọ̀rúndún 15 àti 16 ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa: fi abẹ́rẹ́ gún ihò sójú gbogbo ìlà àwòrán, kí ihò kọ̀ọ̀kan jìnnà síra ní mìlímítà 2, kó tó mìlímítà 1 níbi tó bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́. Fi aṣọ rírọ̀ sábẹ́ bébà kí abẹ́rẹ́ lè rí ibi wọ̀. Yí bébà padà, kí o fi sáńdípépà dídán gé ẹnu ihò tó yọ lẹ́yìn kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìyẹ̀fun kò ní kọjá. Tẹ́ bébà sórí aṣọ, di ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì funfun sínú àkísà kékeré, kí o máa fi í tẹ ojú ihò jẹ́jẹ́, má ṣe fi gbá a. Gbé bébà sókè tààrà. Fi pẹ́ńsù funfun so àwọn tótótó náà pọ̀ kíá, lẹ́yìn náà ni kí o gbọn ìyókù dànù.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé bébà kan náà á ṣiṣẹ́ lórí aṣọ mẹ́wàá. Èyí tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ láti orí bébà sórí aṣọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn tún máa ń yí àwòrán padà bíi ti inú dígí, nítorí náà ẹyẹ tó ń wo ọ̀tún á di ẹyẹ tó ń wo òsì. Lẹ́tà ni ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bani jù.

Abẹ́rẹ́ Wẹ́rẹ́
Ó ku òwú. Oníbébà, gé e ní sẹ̀ǹtímítà 45, kó má gùn jù bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí òwú bá gba inú aṣọ kọjá ni ara rẹ̀ ń họ díẹ̀ díẹ̀; èyí tó gùn á ti yọ irun kó tó tán. Yọ fọ́nrán lọ́kọ̀ọ̀kan látinú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí o fa ọ̀kan ṣoṣo sókè tààrà, kí o wá kó iye tí o fẹ́ jọ padà. Bí o bá fa méjì tàbí mẹ́ta jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á lọ́ mọ́ra di kókó.

Iye fọ́nrán:
– ẹsẹ̀ ẹyẹ àti ẹnu rẹ̀: ọ̀kan
– ìlà ara rẹ̀: méjì
– ẹ̀ka igi: mẹ́ta

Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ jù fún àwòrán tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 12.

Abẹ́rẹ́ ìdárà, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ga tó ló ṣe tín-ín-rín tó. Nọ́ńbà 9 tàbí 10 fún fọ́nrán kan, 7 tàbí 8 fún méjì sí mẹ́ta. Bí òwú rẹ bá ń fọ́n ká létí ihò abẹ́rẹ́, má bú òwú. Abẹ́rẹ́ ti kéré jù ni, kò ṣí ọ̀nà tó fẹ̀ tó nínú aṣọ, òwú ló wá ń fi ara rẹ̀ la ọ̀nà. Èyí tó tóbi jù náà máa ń fi ihò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrán.

Back stitch: mìlímítà 3 sí 4 lójú ìlà tó tọ́, kí o dín in kù sí 2 níbi tó bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́. Ìrán gígùn lójú ìlà tó ṣẹ́ kọ́rọ́ máa ń sọ ọ́ di onígun. Fún ẹ̀ka igi, stem stitch ló yẹ ẹ́, ìrán tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àárín èyí tó ṣáájú rẹ̀, nítorí ó máa ń lọ́ bí okùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan náà ni òwú gbọ́dọ̀ máa wà sí abẹ́rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí o bá fi í sókè lẹ́ẹ̀kan tí o fi í sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ìlọ́ rẹ̀ á ṣẹ́, ojú á sì bá a níbẹ̀ tààrà.

Satin stitch (ìrán tààrà tí a tò pẹ́kípẹ́kí láti bo ojú aṣọ) fún àyà ẹyẹ: kọ́kọ́ fi split stitch, ìrán tí abẹ́rẹ́ ń la àárín èyí tó ṣáájú, yí etí rẹ̀ ká, kí satin wá gun orí rẹ̀ kọjá. Ìlà tó wà lábẹ́ yẹn ló máa ń jẹ́ kí etí mọ́ kedere. Bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kí o lọ sí ọ̀tún, kí o wá padà sí òsì; ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti etí kan, ìrán rẹ̀ á ti tẹ̀ kó tó dé etí kejì. Kò gbọdọ̀ gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, torí ohun gbogbo ni yóò máa há sí i. Ibi tó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, lo long and short stitch (ìrán gígùn àti kúkúrú tó ń wọ àárín ara wọn), tàbí kí o tẹ́ òwú gígùn sílẹ̀ kí o fi ìrán kéékèèké dì í mọ́lẹ̀. Ọ̀nà kejì yìí ni wọ́n fi kún inú àwòrán nínú iṣẹ́ Bayeux, aṣọ gbọọrọ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ dárà sí ní ọ̀rúndún 11, èyí tó jẹ́ ti Faransé, tí gígùn rẹ̀ sún mọ́ 70 mítà. Stem stitch ni ọ̀pọ̀ ìlà rẹ̀. Títẹ́ òwú sílẹ̀ báyìí tún máa ń dá òwú sí, nítorí gbogbo òwú ni ó wà lójú, díẹ̀ ló ń lọ sẹ́yìn.

Má fa òwú kọjá lẹ́yìn aṣọ funfun ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Gé e kí o bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Òwú dúdú tó sáré lẹ́yìn máa ń hàn síta.

Oníbébà
Ẹ ṣeun púpọ̀, Abẹ́rẹ́ Wẹ́rẹ́. Bí mo bá ti fọ aṣọ, tí ìhun rẹ̀ sì dúró bó ṣe yẹ, ṣé ìhunjọ ti parí nìyẹn?

Abẹ́rẹ́ Wẹ́rẹ́
Rárá o. Ohun méjì ṣì kù. Aṣọ tó rọ̀ nínú férémù ni èkíní: ó yẹ kó le bí awọ ìlù, kó máa dún bí o bá fi ìka ta á. Férémù onígi sábà máa ń yọ̀; fi rìbọ́ọ̀nù òwú yí òrùka inú po, kó gbé ara lé ara díẹ̀ ní gbogbo ìyípo, kí o sì rán ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Aṣọ kò ní yọ̀ mọ́. Fa aṣọ ní òòró àti ìbú nìkan nígbà tí o bá ń mú un le, má fa igun rẹ̀. Mú un kúrò nínú férémù bí o bá ti fẹ́ simi, kí àpá òrùka má bàa wọnú aṣọ.

Ọwọ́ rẹ ni èkejì. Fa òwú títí yóò fi tẹ́ sílẹ̀, kí o dúró níbẹ̀. Bí o bá rí i pé ihò tí òwú gbà wọlé ti fẹ̀, tí ó rí bí ojú ẹja, o ti fà á jù. Aṣọ tó le nínú férémù máa ń bo àṣìṣe yìí mọ́lẹ̀, ìgbà tí o bá tú u ló máa fi han gbogbo ayé.

Màmá Bọ́bìn
O bèèrè máṣíìnì. Ó ṣeé ṣe, máṣíìnì ilé lásán náà sì tó o, kò dandan kó jẹ́ oníkọ̀ǹpútà.

Sọ eyín abẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì, èyí tó ń ti aṣọ síwájú, kalẹ̀, tàbí kí o fi páálí tín-ín-rín bò ó. Yọ ẹsẹ̀ ìtẹ̀ṣọ lásán, fi èyí tí wọ́n ń fi tún aṣọ tó ya ṣe sí i, tó ní sípírìngì. Abẹ́rẹ́ 75/11 ti ìdárà, òwú polyester nọ́ńbà 40 lókè, nọ́ńbà 60 nínú bọ́bìn. Fún òwú, nọ́ńbà tó ga jù ló tín-ín-rín jù. Dín tẹ́ńṣọ̀n òkè, ìyẹn bí máṣíìnì ṣe ń di òwú òkè mú le tó, kù díẹ̀, kí òwú bọ́bìn má bàa yọ sójú aṣọ. Fi gọ́ọ̀mù stay tàbí bébà ìdúróṣinṣin sẹ́yìn aṣọ kó lè le. Dojú férémù dé, kí aṣọ lè tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ orí máṣíìnì.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń kọsẹ̀ rèé. Wọ́n máa ń gbàgbé láti sọ ẹsẹ̀ ìtẹ̀ṣọ sílẹ̀, torí pé lójú, kò jọ pé ó kan aṣọ. Bó bá wà lókè, àwọn abọ́ tẹ́ńṣọ̀n ṣí sílẹ̀, kò sí ohun tó di òwú òkè mú, gbogbo rẹ̀ á sì ṣù jọ lábẹ́ aṣọ. Òdì kejì rẹ̀ náà wà: bí o bá ń fi òwú sí máṣíìnì nígbà tí ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀, àwọn abọ́ náà ti pa dé, òwú kò ní wọ àárín wọn, ìṣùjọ kan náà ni o máa rí. Abẹ́ ló máa ń hàn sí, òkè ni ẹ̀bi wà. Nítorí náà, ẹsẹ̀ lókè nígbà tí o bá ń fi òwú sí i, ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ nígbà tí o bá ń rán.

Fa òwú bọ́bìn sójú aṣọ kí o tó bẹ̀rẹ̀, di òwú méjèèjì mú fún ojú ìrán mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kí ẹsẹ̀ rẹ yára, kí ọwọ́ rẹ falẹ̀. Ọwọ́ ló ń pinnu gígùn ìrán níbí: bó bá sáré, ìrán á gùn, bó bá já férémù lójijì nígbà tí abẹ́rẹ́ wà nínú aṣọ, abẹ́rẹ́ á tẹ̀, á lu irin, á ṣẹ́. Wọ awò ojú.

Bó bá jẹ́ tèmi, ọwọ́ ni màá fi rán ẹyẹ sẹ̀ǹtímítà 12 yẹn. Máṣíìnì dára fún ìlà tó ń sáré láìdúró, irú èyí tí èèyàn ń yà láìgbé kálámù sókè.

PẹńsùMéjì
Oníbébà, àárín gbùngbùn ọ̀nà náà wà: rán òwú sórí bébà fúnra rẹ̀. Bébà tó wúwo tó gíráàmù 160 sókè ní mítà onígun mẹ́rin ni kí o wá, èyí tí wọ́n ń fi tẹ̀wé ní ọ́fíìsì, tó jẹ́ 80, á ya. Gún gbogbo ihò tán kí òwú tó wọ̀ ọ́, kí wọ́n jìnnà síra ní mìlímítà 3 sí 4. Bí o bá sún wọn mọ́ra jù, bébà á ya lójú ihò bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa sítáǹbù létà ya kúrò lára ara wọn. Òwú ìlà ẹyẹ nìkan, kí o fi pẹ́ńsù ṣe òjìji rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ rẹ mọ̀ àti ohun tó ń kọ́ á pàdé. Ìhò tó bá ṣì ni kò ní àtúnṣe. Bébà kò dà bí aṣọ tó ń pa ojú rẹ̀ dé.

Oníbébà
Ẹ ṣé gan-an. Mo fẹ́ kí àyà ẹyẹ náà pupa fòò. Ṣé àwọ̀ rẹ̀ kò ní ṣí sára aṣọ funfun bí mo bá ń fọ búlúù yẹn kúrò? Férémù náà ni mo sì fẹ́ fi gbé e kọ́ ògiri.

Aláṣọfunfun
Pupa àti dúdú ni kí o fura sí. Kí o tó rán an, rẹ fọ́nrán kan sínú omi, fi aṣọ funfun tó tutù tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bí àwọ̀ bá hàn lára aṣọ, fi omi ṣan òwú náà títí omi yóò fi mọ́, sá a, kí o tó lò ó. Bó bá ṣí lórí iṣẹ́ tó ti parí, má jẹ́ kó gbẹ. Ìgbà tó bá gbẹ ni àwọ̀ máa ń di mọ́ aṣọ. Gbé e sínú omi tútù púpọ̀, máa pààrọ̀ omi náà títí kò fi ní sí pupa nínú rẹ̀ mọ́. Má fún un. Tẹ́ ẹ sáàárín aṣọ ìnura méjì, kí o tẹ omi jáde.

Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó gbẹ, da ojú rẹ̀ dé sórí aṣọ ìnura tó nípọn, kí o lọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn. Ìrán á rì sínú aṣọ ìnura dípò kí áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Tún un há sínú férémù, gé aṣọ yíká kó ku sẹ̀ǹtímítà 3, fi òwú líle méjì rán running stitch (ìrán tó kàn ń wọlé tó ń jáde lọ síwájú) yíká ní sẹ̀ǹtímítà kan láti etí aṣọ, fà á kó ṣù jọ sẹ́yìn, kí o so ó. Má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó máa ń pọ́n bó bá pẹ́, kò sì ní jẹ́ kí o lè tú u fọ̀.